Èsì: Ṣé CAC ni kí n kọ́kọ́ lọ ni àbí stúdíò?

Sista, pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mínísírì orin, ẹ sì ń béèrè bóyá kẹ́ ẹ kọ́kọ́ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní CAC, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀ (kì í ṣe ìjọ Christ Apostolic o), àbí kẹ́ ẹ lọ gba orin sílẹ̀ ní stúdíò. Owó tẹ́ ẹ ní ò tó méjèèjì yẹn, ẹ má tíì gbé e lọ CAC, ẹ má sì fi ṣe odidi álíbọ́ọ̀mù. Orin kan péré ni kẹ́ ẹ gbà sílẹ̀, èyí tí ìjọ ti ń bá yín gbè dáadáa.

Àmọ́ ìyẹn wà fún bó bá jẹ́ pé owó ara yín lẹ ń ná o. Tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ máa gba ọrẹ lórúkọ mínísírì, ẹ yáa forúkọ sílẹ̀, incorporated trustees (ti ẹgbẹ́ tí kì í ṣe torí èrè) ni kẹ́ ẹ ṣe, kì í ṣe business name (orúkọ òwò), torí owó mínísírì tó ń wọnú àkáǹtì ẹnì kan, ìjà ẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀, mo ti rí ẹgbẹ́ akọrin tó tú ká lórí ẹ̀. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ mú trustee, ìyẹn alábòójútó, méjì ó kéré tán, ẹ ó sì gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn méjì, ìyẹn náà ń jẹwó.

Bí mi ò bá ṣì yín gbọ́, ẹ lẹ́ ẹ ò lólùkọ́ ohùn. L'Ógbómọ̀ṣọ́ tẹ́ ẹ wà yẹn! Sẹ́mínárì àwọn Onítẹ̀bọmi wà ńbẹ̀, wọ́n ń kọ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn sọ̀rọ̀.

1. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún pásítọ̀ yín.
2. Ẹ gba orin yẹn sílẹ̀.
3. Ẹ gbé e sórí Audiomack, áàpù tí wọ́n fi ń gbọ́ orin, ọ̀fẹ́ ni, ti Spotify ló ń fẹ́ distributor, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń bá olórin gbé orin síbẹ̀.

Tó bá sì jẹ́ orin olórin lẹ fẹ́ tún kọ, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ stúdíò, kó má di ti lọ́yà.