Ìbéèrè Yín Lórí Kọ̀ǹpútà: Ṣé Nọ́ńbà Tó Pọ̀ Jù Ló Lágbára Jù?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Fídíò ni mò ń yà ní Ọ̀fà: yìgì síso, wálímọ̀, ìṣílé, òkú àgbà. DaVinci Resolve ni mo fi ń tún un ṣe, mo sì ń fi Blender ṣe orúkọ ọkọ àti ìyàwó tó máa ń yí po níbẹ̀rẹ̀ fídíò. Mo wá káàdì gíráfíìkì, ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ àwòrán, wá sí Ìlọrin lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹni àkọ́kọ́ fi GTX 1080 Ti tòkunbọ̀ hàn mí, ẹnì kejì mú RTX 3050 alámẹ́mórì 8GB jáde, ẹnì kẹta ní RTX 3060 alámẹ́mórì 12GB. Owó wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Oní-3050 ní kí n sáà wo nọ́ńbà, pé tòun fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta 1080. Ṣé òótọ́ ló sọ? — Ọmọ Ìyẹ̀rú, Ọ̀fà

Ọmọ Ìyẹ̀rú, o ṣeun tí o béèrè kí owó tó kúrò lápò rẹ. Kì í ṣe òótọ́ rárá. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí, nítorí ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ ní títì Táíwò níbi tí ṣọ́ọ̀bù mi wà, àwọn ọmọ tó ń fi òógùn wá owó ni wọ́n sì ń fi í rẹ́ jẹ.

Nvidia ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn. Nọ́ńbà ara káàdì wọn, ọ̀nà méjì ni kí o pín in sí. Ti iwájú sọ ẹgbẹ́ tó bá jáde, ti ẹ̀yìn sọ ipò rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà. Ẹgbẹ́ 10 jáde ní 2016, ẹgbẹ́ 20 ní 2018, ẹgbẹ́ 30 ní 2020, ẹgbẹ́ 40 ní 2022, ẹgbẹ́ 50 ní 2025. Nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 50 wà lápá ìsàlẹ̀, 60 lé e, 70 àti 80 ni àwọn àgbà. Bí o bá rí Ti lẹ́yìn orúkọ, wọ́n fi kún agbára rẹ̀ ni. Ìyẹn ni pé 1080 Ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ àtijọ́, 3050 sì jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn nínú ẹgbẹ́ tuntun. Bí wọ́n bá pàdé nínú géèmù, àgbà á da ọmọdé dáadáa.

Láàárín 1080 Ti àti 3060 ni ìjàkadì gidi wà, ìjàkadì sì lorò Ọ̀fà, nítorí náà jẹ́ kí a wò ó fínnífínní. Àgbà, ìyẹn 1080 Ti, jáde ní oṣù kẹta 2017, àbúrò, ìyẹn 3060, ní oṣù kejì 2021. Core (ẹ̀yà kéékèèké tó ń ṣe ìṣirò) 3,584 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní, iye kan náà gẹ́lẹ́. Mẹ́mórì àgbà jẹ́ 11GB, ti àbúrò 12GB. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí dátà ń gbà wọ mẹ́mórì àgbà ló fẹ̀ jù: 484GB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 360GB ni ti àbúrò. Nínú géèmù tí kò lo ray tracing (títọpa ìmọ́lẹ̀ kí àwòrán lè dà bí ojúlówó), wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọgba, ìgbà mìíràn àgbà tún máa ń ṣíwájú díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé géèmù nìkan ni o fẹ́ fi ṣe, mi ò ní bá ọ jiyàn lórí 1080 Ti.

Ṣùgbọ́n Blender ni iṣẹ́ rẹ. RT core, ẹ̀yà tí wọ́n dìídì ṣe fún títọpa ìmọ́lẹ̀, wà nínú 3060. Ẹgbẹ́ 20 ló kọ́kọ́ ní in, 1080 Ti kò ní. Mo ti gbé àwọn méjèèjì sórí tábìlì mi rí, pẹ̀lú fáìlì kan ṣoṣo: orúkọ ìyàwó tí a fi wúrà kọ sára gíláàsì. Lórí 1080 Ti, CUDA ni mo lò, ọ̀nà tí Blender ń gbà lo káàdì Nvidia láìlo RT core. Àwòrán ń yọ ní ègé ní ègé, fáànù ń hó yèè, irin ẹ̀yìn káàdì náà sì gbóná débi pé mo yára fa ọwọ́ mi kúrò. Mo lọ kí ìrun Alásárì, mo dé, kò tíì parí. Mo fi 3060 sí i, mo yí i sí OptiX, ọ̀nà tó ń lo RT core, kò lo tó ìdajì àkókò yẹn tó fi ṣe tán, ọwọ́ mi sì dúró lórí rẹ̀ láìjó.

Tún ro ti iná. 250 wáàtì ni 1080 Ti ń jẹ, 170 ni ti 3060. Ìyàtọ̀ 80 yẹn dà bí ìgbà tí o tan fáànù òrùlé kan tí o kò sì pa á títí iṣẹ́ fi parí. Bí wọ́n bá mú iná lọ lóru tí o ń ṣe iṣẹ́ tí oníyàwó fẹ́ gbà láàárọ̀, bátìrì ínfátà rẹ ni yóò sọ fún ọ. Ní oṣù kẹwàá 2025 pẹ̀lú, Nvidia dáwọ́ dúró lórí dráífà (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lo káàdì) tuntun fún géèmù lórí ẹgbẹ́ 10. Ti ààbò nìkan ni yóò máa jáde títí di oṣù kẹwàá 2028.

Ra 3060. Kí o sì mọ èyí kí o má baà dá a lẹ́bi: bí kámẹ́rà rẹ bá ń gba fídíò H.265 4:2:2 10-bit (irú fídíò tí wọ́n fún pọ̀, tó kó àwọ̀ púpọ̀), kò sí èyí tó lè bá ọ tú u nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹgbẹ́ 50 ni Nvidia tó fi ìyẹn sí i. Ṣe proxy, ìyẹn ẹ̀dà fídíò náà tó fúyẹ́, kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.

Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀ ni tèmi, páwà páàkì rẹ̀ jẹ́ 240 wáàtì. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fún mi ní RX 580, káàdì gíráfíìkì AMD. Ṣé ó máa gbé e? — Akẹ́kọ̀ọ́, Tanke, Ìlọrin

Má fi sí i, jọ̀ọ́. 185 wáàtì ni káàdì yẹn fúnra rẹ̀, ó sì ń fẹ́ wáyà iná tí kò sí nínú páwà páàkì rẹ. Wá GTX 1650 tí kò ní ojú wáyà: 75 wáàtì ni, ojú ihò bọ́ọ̀dù tí o bá fi í sí ló ti ń gba gbogbo iná rẹ̀. Bí àpótí rẹ bá tẹ́ẹ́rẹ́, kúkúrú ni kí o béèrè. Wọ́n lè fi RX 6400 lọ̀ ọ́ pé òun ló tuntun jù. Lóòótọ́, 2022 ló jáde, kò sì jẹ iná púpọ̀, àmọ́ ọ̀nà mẹ́rin péré ló fi ń bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, agbára rẹ̀ sì máa ń dín kù lórí bọ́ọ̀dù àtijọ́ bíi tìrẹ. Kò tún lè bá ọ ká fídíò sílẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa dá ayédèrú káàdì mọ̀? — Ìyá Ìbejì, Ọmù-Àrán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Mo ti ra ọ̀kan rí lọ́wọ́ ẹnì kan tí mi ò rí mọ́ láti ọjọ́ náà. GTX 1050 Ti ló wà lára páálí, òun náà ni Windows pè é. Nígbà tí mo ṣí GPU-Z, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tó ń sọ irú káàdì tó wà nínú ẹ̀rọ, ó kọ FAKE síwájú orúkọ rẹ̀: GTS 450 tó ti jáde láti 2010 ni. Bí mo bá ti la ojú mi dáadáa ni, ǹ bá ti mọ̀ kí n tó sanwó, torí ojú VGA aláwọ̀ búlúù, oníhò 15, wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹgbẹ́ 10 kò sì ní agbára VGA nínú rárá. Ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà lójú yín, kí wọ́n ṣí GPU-Z, kí ẹ tó kó owó jáde. Tèmi ṣì wà nínú gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù; bí ẹ bá gba títì Táíwò kọjá, ẹ yà wá wò ó.