Aṣọ Ẹbí Kọ́ Ni Ọ̀gá Yẹn Bèèrè Lọ́wọ́ Rẹ

Lẹ́tà rẹ gùn, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan tí o sáré kọjá lórí rẹ̀ ló mú mi jókòó dá ẹ lóhùn. O ní oṣù kẹjọ rẹ rèé nídìí iṣẹ́ product manager, ẹni tó ń bójú tó bí ohun tí ilé iṣẹ́ ń ṣe fún oníbàárà ṣe ń ṣiṣẹ́, ní Yaba, ní ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn oníṣòwò gbowó lórí POS àti íntánẹ́ẹ̀tì. O fẹ́ kí àwọn ọ̀gá àgbà mọ̀ ẹ́. O wá ń bi mí bóyá kí o ra aṣọ ẹbí àádọ́ta ọdún ọ̀gá obìnrin tó ń darí iṣẹ́ ojoojúmọ́ níbẹ̀, àti bóyá kí o máa fi àdúrà ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp ní àràárọ̀ Mọ́ńdè. Lẹ́yìn náà lo ní: “Ọ̀gá náà bi mí ní mítíǹgì pé oníbàárà mélòó ni owó wọn há, mo ní màá padà wá sọ fún wọn, ṣùgbọ́n ìyẹn ti kọjá.”

Ta ló sọ fún ẹ pé ó ti kọjá?

Láti oṣù kẹfà ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti pàṣẹ fún àwọn báńkì pé owó tí wọ́n bá yọ lórí POS tàbí íntánẹ́ẹ̀tì, tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tajà, gbọ́dọ̀ padà láàárín wákàtí 72. Bó bá ti pẹ́, ọ̀gá yẹn ni fóònù rẹ̀ ń dún. Ṣé o rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí náírà bébà wọ́n bí ojú, tí àwọn ènìyàn ń fi káàdì ra nǹkan? Ìyá á dúró ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì, oògùn ọmọ wà lórí tábìlì, wọ́n ti yọ owó rẹ̀, ẹni tó ń tajà ní òun ò rí alert. Ọ̀gá bi ẹ́ pé mélòó ni irú wọn. O dákẹ́, o lọ ń ro ọ̀rọ̀ aṣọ.

Mò ń gba irú lẹ́tà yìí lemọ́lemọ́, ó sì ń bí mi nínú. Ìkíni dára, mi ò ní kí o má kí àgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní òun ń padà bọ̀, tí kò padà, ìyẹn ni ọ̀gá máa rántí nípa rẹ̀, ì báà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. O tún ní ọ̀gá yẹn máa ń ṣe bí ẹni tí kò rí ẹ tí ẹ bá pàdé lórí àtẹ̀gùn. Ó rí ẹ.

Lónìí, lọ bá àwọn tó ń gbé fóònù oníbàárà. Àwọn ló mọ iye ẹni tó ń ké. Bi àwọn ẹnjiníà yín níbi tí owó ti ń há: ṣé lọ́dọ̀ tiyín ni, ṣé ní báńkì ẹni tó fa káàdì, àbí láàárín ọ̀nà. Ọ̀gá máa bi ẹ́. Jẹ́ kí ẹni tí ò ń jíhìn fún kọ́kọ́ rí i, má gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sókè. Kí o wá kọ ọ́ ṣókí: “Ẹ má bínú, mà. Mi ò padà dáhùn ìbéèrè yín. Iye tí a rí nìyí. Apá ibí yìí la ò tíì mọ̀, màá mú un wá ní Ọjọ́bọ̀.” Tí Ọjọ́bọ̀ bá dé, mú un wá, kódà bí iye náà bá burú. Má fi ṣíláìdì ogún bò ó mọ́lẹ̀.

Ní ti aṣọ ẹbí, bí owó rẹ bá ká a, rà á. Bí kò bá ká a, fi í sílẹ̀. Kí o tó tún kọ̀wé sí mi, kọ̀wé sí ọ̀gá yẹn ná.