Ṣé òótọ́ ni pé iléeṣẹ́ irin ni Wawa, iléeṣẹ́ tó ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Amẹ́ríkà, tẹ́lẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, ibi irin ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1803, iléeṣẹ́ tó ń yọ́ irin ni ní Millville, New Jersey, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìdílé Wood ló ni ín.

Wàrà ló wá sọ ọ́ di ohun tá a mọ̀ lónìí. Lọ́dún 1902, George Wood ṣí iléeṣẹ́ wàrà sí ìlú Wawa ní Pennsylvania. Nígbà yẹn, wàrà tí kò mọ́ máa ń kó àìsàn ran àwọn ọmọdé, torí náà ló ṣe ní káwọn dókítà fọwọ́ sí tirẹ̀. Ilé oníbàárà gan-an ni wọ́n ń gbé e lọ. Nígbà tó di bí ọdún 1960, àwọn èèyàn ti ń ra wàrà ní ṣọ́ọ̀bù, ọjà ojúlé sì ń kú lọ. Grahame Wood, ọmọ ọmọ George, wá ṣí ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ní Folsom, Pennsylvania, ní April 16, 1964, kí wàrà wọn lè rí ibi tà.

Ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn tó jọ pẹ́pẹ́yẹ lára àmì wọn ńkọ́? Èdè Ojibwe, ìyẹn èdè àwọn kan lára ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà ti Àríwá, ni “Wawa”, ẹyẹ yẹn náà ló sì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.