Ìtọ̀ tó ń gbọ̀n bàbá lójijì: àlùwàlá wọn ńkọ́?

Ìbéèrè: Alfa, ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀sìn o. Ẹni ọdún 61 ni mí, Òjé ni mò ń gbé. Ìtọ̀ máa ń gbọ̀n mí tó ìgbà 10 lójúmọ́, ìgbà 3 lóru, tó bá ti dé mi ò lè dì í mú, nígbà míì á kán kí n tó dé tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní kí n má wá jámọ́ọ̀ mọ́, àwọn kan ní kí n máa fò kí n sì rin ìṣísẹ̀ 40 kí ìtọ̀ tó kù lè jáde.

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀ Bàbá mi. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ má wá jámọ́ọ̀, kó lọ kàwé sí i.

Kí ìtọ̀ gbọ̀n yín lásán ò ba àlùwàlá jẹ́, èyí tó jáde ló ń bà á jẹ́. Tó bá wá gbọ̀n yín gan-an nígbà tí wọ́n ń gbé ìkámà, ẹ lọ tọ̀ ná, torí hádíìsì Aisha tó wà nínú ìwé hádíìsì Muslim ò fẹ́ kéèyàn máa bá ìtọ̀ jìjàkadì lórí ìrun.

Èyí tó ń kán yẹn, nínú ìlànà ẹ̀sìn Màlíkì tí àwa ń tẹ̀ lé, tó bá ń kán ju ìlàjì àsìkò ìrun lọ, kò ba àlùwàlá jẹ́, a kàn fẹ́ kẹ́ ẹ tún un ṣe fún ìrun kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n tiyín tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó bà á jẹ́, ẹ ṣe òmíràn, ó parí. Aṣọ tiẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: bó bá ń kán lójoojúmọ́, kódà lẹ́ẹ̀kan péré, a ti mójú kúrò nínú rẹ̀, ẹ lè fi kírun. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kàwé ní Mẹdínà á ní kẹ́ ẹ máa ṣe àlùwàlá nígbà tí àsìkò kọ̀ọ̀kan bá wọlé. Ẹ má bá wọn jà, ẹ ṣe é, kò pa yín lára.

Ìṣísẹ̀ 40 yìí ló ń bí mi nínú! Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí bàbá kan nídìí kànga mọ́sálásí, búútà lọ́wọ́ ọ̀tún, tíṣù lọ́wọ́ òsì, wọ́n ń húkọ́, wọ́n ń fò, lẹ́mọ́mù ti wọ rúkúù wọ́n ṣì ń ka ìṣísẹ̀. Ta ló rí i kà lọ́dọ̀ Ànábì? Ẹ fi ìka tẹ nǹkan ọkùnrin yín wẹ́rẹ́, ẹ gbọ̀n ọ́n díẹ̀, ẹ ṣan án, ó tó. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, wáswáàsì, iyèméjì tí kì í tán, lẹ ń pè wọlé.

Ẹ wá tọ́jú ara yín o, torí àwọn Màlíkì kan ní ẹni tó lè wo àìsàn yìí tó kọ̀ kò ní ẹ̀tọ́ sí ìdẹ̀ra yẹn mọ́. Hàńtú, omi tí wọ́n fi fọ Kùránì tí wọ́n kọ sí wàláà, lẹ fẹ́ mu? Ẹ mu ún, àmọ́ ẹ dé UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, kí wọ́n yẹ ìtọ̀, ṣúgà àti prostate (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ ilé ìtọ̀) wò, torí ilé ìtọ̀ lè máa fún ara rẹ̀ pọ̀ kó tó kún, ó sì lè jẹ́ prostate tó wú tàbí ìtọ̀ ṣúgà ló fà á. Oògùn wà fún un. Ẹ dín obì àti kọfí kù, ẹ dín omi kù tó bá ku díẹ̀ kẹ́ ẹ sùn, ṣùgbọ́n ẹ má fi òùngbẹ pa ara yín lọ́sàn-án, ìtọ̀ tó ki máa ń ta ilé ìtọ̀. Tó bá gbọ̀n yín, ẹ kọ́kọ́ fa ibi tẹ́ ẹ fi ń dì í mú wọ inú, kẹ́ ẹ máa sún un síwájú díẹ̀díẹ̀, á gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀, tàbí tí kò jáde rárá, ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ lọ.

Lọ́la, ẹ wá sí jámọ́ọ̀, ẹ dúró létí sàfú tó sún mọ́ ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ lè tètè jáde.