Má dúró de kámẹ́rà, àmọ́ tètè kó fọ́tò rẹ kúrò lórí káàdì

Àbúrò, o ní ṣé kí o ra kámẹ́rà kí o tó bẹ̀rẹ̀ ìpèníjà fọ́tò ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, àbí kí o fi fóònù bẹ̀rẹ̀. Fi fóònù bẹ̀rẹ̀. Mú kókó kan lọ́sẹ̀, yà á, ó parí.

Èyí tó le ni ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án tèmi. Kókó rẹ̀ ni "ohun tó ń sáré". Mo lọ dúró lẹ́bàá Ọjà Ọba l'Ákùrẹ́ níbí, mo gbé shutter, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe máa ṣí pẹ́ tó, sí 1/30 ìṣẹ́jú àáyá, mo ń yí kámẹ́rà tẹ̀lé ọ̀kadà bó ṣe ń kọjá, kí ọlọ́kadà hàn kedere, kí ilé ẹ̀yìn rẹ̀ fà bí ògì tó dà sílẹ̀. Ó ju ogún tí mo yà kí ọ̀kan tó dáa. Ibi tí mo ti ń yọ̀ ni ọkùnrin kan ti fa ẹ̀wù mi. Ó ní ìwé àṣẹ mi dà? Mo ní níbo ni wọ́n ti ń gbà á? Kò mọ̀! Ìwé tí òun fúnra rẹ̀ ò mọ ibi tó ti ń wá ló dá mi jókòó fún wákàtí méjì gbáko nínú oòrùn, àfìgbà tí mo pa gbogbo fọ́tò inú káàdì tí kámẹ́rà ń kó fọ́tò sí rẹ́ níṣojú rẹ̀. Ti ọ̀sẹ̀ keje àti ìkẹjọ wà níbẹ̀. N ò tíì kó wọn sí kọ̀ǹpútà.

Mo sì fọwọ́ ara mi parí rẹ̀. Fọ́tò tí a pa rẹ́ ṣì máa ń wà lórí káàdì títí òmíràn á fi gorí rẹ̀. Ká ní mo yọ káàdì yẹn sílẹ̀ ni, kọ̀ǹpútà ì bá bá mi wá púpọ̀ nínú wọn jáde. Lọ́jọ́ kejì, tìbínú-tìbínú, mo gbé káàdì kan náà lọ Òkè Ìdànrè, mo ń ya àtẹ̀gùn tó lé ní 600 yẹn bí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún. Ọ̀gá tí mo sanwó fún kó kọ́ mi ní fọ́tò ò dárúkọ káàdì rí. Lẹ́ńsì olówó gọbọi rẹ̀ ló ń fi hàn wá.

Tí ọyẹ́ bá dé, má pààrọ̀ lẹ́ńsì níta o, eruku á wọlé. Áà, fóònù lo ní. Nínú ọjà ṣá, kọ́kọ́ kí ìyá tó ń tajà, ra ata díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kó o tó yọ fóònù.

Fóònù wo? Èyíkéyìí tó bá ti lè jẹ́ kó o fọwọ́ ara rẹ yí shutter àti ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó.