Ẹ Bi Wá: Ẹ̀yáwó Ilé Ẹ̀kọ́ àti Owó Oṣù Ẹni Tó Ka Gẹ̀ẹ́sì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fún un. Ó fẹ́ gba ẹ̀yáwó NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ní kò sí owó gidi nídìí Gẹ̀ẹ́sì, pé gbèsè náà á bá a délé ọkọ. Ṣé kí n jẹ́ kó gbà á? (Ìyá Ìbejì, Kubwa, Abuja)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Màmá. Ẹ jẹ́ kó gbà á, ṣùgbọ́n ẹ jọ jókòó ṣírò rẹ̀ ná. Ẹ̀yáwó yìí kò lélé. Òfin tó gbé e kalẹ̀ lọ́dún 2024 sọ pé wọn kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó náà padà àfi tó bá pé ọdún 2 lẹ́yìn tọ́mọ bá parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Tó bá ríṣẹ́, ìdá 10 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ ni ọ̀gá ibiṣẹ́ á máa yọ. Tí kò bá ríṣẹ́, á lọ búra sínú ìwé ní kóòtù pé òun kò níṣẹ́, pé kò sí owó tó ń wọlé fún òun, wọ́n á sì lè sún ọjọ́ síwájú fún un. Kó má parọ́ níbẹ̀ o, ẹ̀wọ̀n wà fún irọ́ náà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kì í fojú sí ni pé ọ̀nà méjì lowó náà ń gbà wá. Owó ilé ẹ̀kọ́ ń lọ tààrà sọ́dọ̀ yunifásítì. Owó ìgbọ́bùkátà, ₦20,000 lóṣù, ń wọ àkáǹtì ọmọ fúnra rẹ̀, àwọn ọmọ mìíràn sì ń ná an bí ẹni pé ìjọba fi ta wọ́n lọ́rẹ ni. Gbèsè ni gbogbo rẹ̀. Ká ní owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ jẹ́ ₦100,000 lọ́dún, ọdún 4 di ₦400,000. Tó bá tún gba owó ìgbọ́bùkátà fún oṣù 10 lọ́dọọdún, ìyẹn nìkan di ₦800,000. Ẹ rí i pé owó oúnjẹ àti ọkọ̀ ti di ìlọ́po méjì owó ẹ̀kọ́.

Tó bá wá jẹ gbèsè ₦1,200,000 yìí, tó sì ń gba ₦90,000 lóṣù, ₦9,000 ni wọ́n á máa yọ, á sì san án ju ọdún 11 lọ. Tó bá ń gba ₦150,000, ọdún 6 àti oṣù 8 ni. Tó bá ń gba ₦250,000, ọdún 4 péré. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ owó ilé ẹ̀kọ́ nìkan ló yá, ẹni tó ń gba ₦90,000 pàápàá á san án tán ní oṣù 45. Nítorí náà, bí agbára yín bá gbé oúnjẹ ọmọ, kó má tọrọ owó ìgbọ́bùkátà. Bí agbára kò bá sì gbé e, kó gbà á láìtijú. Ebi kì í jẹ́ kéèyàn kàwé.

Sáà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tún un béèrè. Ohun tó sábà máa ń dá a dúró ni orúkọ tó wà lára NIN tí kò bá ti JAMB mu, tàbí kí ilé ẹ̀kọ́ má tíì fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ránṣẹ́. Bí ẹ bá ti sanwó lápò yín kí ti NELFUND tó dé, ẹ tọ́jú rìsíìtì: owó yín ní láti padà sọ́wọ́ yín, ẹ má sì jẹ́ kó sùn síbẹ̀.

Ìbéèrè: Kaduna ni mo ti ń sìnlú, B.A. English ni mo kà. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan fẹ́ gbà mí, ṣùgbọ́n owó oṣù wọn kò tó ₦77,000 tí mò ń gbà báyìí, kò tilẹ̀ tó ₦70,000. Ṣé òfin gbà wọ́n láyè? (Àgùnbánirọ̀, Kaduna)

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó gbà wọ́n láyè. ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù láti 2024, àmọ́ òfin yọ ibiṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ka àwọn olùkọ́, àwọn agbálẹ̀ àti ọlọ́dẹ wọn kí o tó fọwọ́ síwèé.

Ohun tó ń dè ọ́ mọ́lẹ̀ gan-an ni pé B.A. lo ní, kì í ṣe B.A.(Ed). Láìsí ẹ̀kọ́ ìkọ́ni, TRCN, àjọ ìjọba tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀, kò ní forúkọ rẹ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, ọwọ́ rẹ kò sì ní tètè tó iṣẹ́ olùkọ́ ìjọba. PGDE, ẹ̀kọ́ ìkọ́ni tí ẹni tó ti ní dìgírì ń ṣe, ló ń dí àlàfo yẹn. Kaduna níbẹ̀ ni olú iléeṣẹ́ NTI, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe é, wà, o sì lè máa kà á bí o ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, jókòó ṣe ìdánwò TRCN. Ìpele 08 ni ẹni tó ní dìgírì fi ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìjọba, òfin 2022 sì gba olùkọ́ láyè títí di ẹni ọdún 65. Gba iṣẹ́ aládàáni náà tí kò bá sí òmíràn, ṣùgbọ́n forúkọ sílẹ̀ fún PGDE lọ́dún yìí kan náà.

Ìbéèrè: Ẹnì kan ní Gwarinpa ní kí n bá òun tún ìwé olójú ewé 200 kà, kí n ṣàtúnṣe rẹ̀. Èló ni kí n pè é?

Ìdáhùn: Má tíì pe iye kankan. Gba ojú ewé 5 láti àárín ìwé náà, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ ni òǹkọ̀wé sábà máa ń tún ṣe jù. Tún un ṣe, kí o wo aago. Ká ní ó gbà ọ́ ní wákàtí 1, wákàtí 40 ni gbogbo ìwé náà. Tí o bá fẹ́ ₦150,000 lóṣù, má fi wákàtí 160 pín in. Nǹkan bí ìdajì àkókò náà ni wíwá oníbàárà àti àìsí iná á gbà. Fi 80 pín in: ₦1,875 fún wákàtí kan. Ìwé yìí di ₦75,000, ìyẹn ₦375 fún ojú ewé kan.

Gba ìdajì kí o tó bẹ̀rẹ̀. Kọ ọ́ sórí WhatsApp pé ẹ̀ẹ̀mejì péré lo máa yẹ̀ ẹ́ wò, pé orí tuntun tó bá fi kún un ní owó tirẹ̀. Ibẹ̀ ni oníbàárà ti ń jẹ èrè mọ́ni lọ́wọ́. Tí o bá jẹ NELFUND, ìdá 10 nínú èrè rẹ lóṣooṣù ni ìwọ fúnra rẹ á máa san nígbà tí àsìkò bá tó, nítorí náà ya àkáǹtì iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ti oúnjẹ láti oníbàárà àkọ́kọ́ yìí.