Èsì ayẹ̀wò FTO: ẹ wo lẹ́tà tí wọ́n yẹ̀ wò ná

Àǹtí mi, ẹ má jẹ́ kí ìwé yẹn gba oorun lójú yín. Ẹ ní wọ́n bá jíìnì ìsanra, FTO, lára yín, ẹ wá ń bèèrè bóyá ìrìn tí ẹ ń rìn láràárọ̀ ṣì wúlò. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ èmi náà ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ó sì pẹ́ kí n tó rí ẹni tó là á yé mi.

Sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa kó ọ̀rá pamọ́. Òmíràn wà tí mitochondria, àwọn ilé agbára kéékèèké inú sẹ́ẹ̀lì, kún inú rẹ̀, tó ń sun ọ̀rá di ooru lásán, bí ààrò tí igi ń jó tí kò sì sí ìkòkò lórí rẹ̀. Lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Melina Claussnitzer, Manolis Kellis àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé lẹ́tà kan ṣoṣo nínú DNA jíìnì FTO, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ rs1421085, ló ń dá ìjà sílẹ̀ tí T rẹ̀ bá di C. Ẹ wá gbọ́ o: kì í tiẹ̀ ṣe FTO fúnra rẹ̀ ni lẹ́tà yìí ń yọ lẹ́nu. Purotéènì kan, ARID5B, tó yẹ kó bà lé ibẹ̀ kò ríbi bà mọ́, jíìnì méjì mìíràn, IRX3 àti IRX5, tó ń kó níjàánu á wá di aláìníjàánu. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ṣì ń dàgbà, ọ̀nà ìkópamọ́ ló máa gbà, ooru tí mitochondria rẹ̀ ń mú jáde á sì já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Nígbà tí wọ́n tún lẹ́tà náà ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì ẹni tó ní in, iná tún ràn.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà tó wà nínú ìwé tèmi kọ́ nìyẹn. rs9939609 ni wọ́n wò, wọ́n ní mo ní A méjì. Lára àwọn òyìnbó, lẹ́tà méjèèjì sábà máa ń rìn pọ̀, ẹni tó bá ní ọ̀kan á ní èkejì. Lára àwọn Yorùbá Ìbàdàn tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn fún HapMap, iṣẹ́ ìwádìí tó ń ya àwòrán ìyàtọ̀ inú DNA àwọn èèyàn káàkiri ayé, A yẹn wọ́pọ̀ gan-an, C tó ń pa iná mitochondria sì ṣọ̀wọ́n. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe ayẹ̀wò náà láti bèèrè nípa rs1421085, wọn ò dá mi lóhùn. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà tó wà nínú ìwé yín.

Àní lára àwọn òyìnbó gan-an, ìwádìí ọdún 2007 rí i pé ẹni tó ní A méjì fi nǹkan bíi kílò 3 péré wúwo ju ẹni tí kò ní rárá lọ. Ìsanra tèmi ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Prednisolone tí mò ń lò fún ikọ́ fée ló wà nídìí ẹ̀! Dókítà mìíràn ló wo àkọsílẹ̀ mi, ó dín in kù díẹ̀díẹ̀, ó fún mi ní oògùn fífà sẹ́nu, ara sì bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. (Ẹ má fọwọ́ ara yín dá irú oògùn bẹ́ẹ̀ dúró lójijì o, ó léwu.)

Ẹ máa rin ìrìn yín lọ. Ìwádìí ọdún 2011 lórí àgbàlagbà tó lé ní 218,000 fi hàn pé ipa FTO lórí ìsanra fi nǹkan bí ìdá 27 nínú 100 kéré lára àwọn tó ń lo ara wọn. Àmọ́ oògùn wo lẹ ń lò báyìí?